Àbájáde ọ̀rọ̀ ilé tuntun tó wà níbi kọ́nà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbi kọ́nà àdúgbò wa ní England, ẹ kú àdúrótì. Káńsù ti fọwọ́ sí i, àmọ́ wọ́n fi àdéhùn dè é.

Ariwo "mọ́tò á pọ̀ jù" táwọn aládùúgbò kọ ránṣẹ́ ò ta nǹkan kan. Ìlànà níbí ni pé wọn ò gbọdọ̀ torí ọ̀rọ̀ títì kọ ilé kíkọ́, àfi tí ewu rẹ̀ bá kọjá ohun tó ṣeé gbà, tàbí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó máa dá sílẹ̀ bá le gan-an. Téèpù tá a fi wọn ibi tí awakọ̀ tó ń jáde nílé náà lè ríran dé ló bá wa ṣe é. Ní títì tí eré ọkọ̀ ò ju 30 máìlì ní wákàtí kan lọ, ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni pé kí awakọ̀ tó ń jáde dúró ní mítà 2.4 sẹ́yìn etí títì, kó sì ríran tó mítà 43 sọ́tùn-ún sósì. Ògiri tó wà níbẹ̀ ò jẹ́ kó ríran dé ìdajì ẹ̀!

Ẹni tó ń bójú tó títì wá wò ó, ó gbà. Wọ́n gbọ́dọ̀ rẹ ògiri náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kó wọlé. Èmi ì bá fẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú, wọn ò fún wa.

Tírú ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ tètè kọ̀wé, ọjọ́ 21 ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Mo ti pa tèmi dé.