Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ lọ sí àfonífojì Nubra

Akẹ́kọ̀ọ́ Delhi: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Delhi ni mo ti ń kàwé. Mo ní ọjọ́ mẹ́fà tí mo fẹ́ fi lọ sí Nubra, ní Ladakh, agbègbè olókè ní àríwá Íńdíà, lóṣù Keje. Ibo ni kí n dé, ibo ni kí n yẹra fún? Mo ń gbọ́ pé wọ́n ń jà sí ààlà níbẹ̀.

Arìnká: Kọ́kọ́ sinmi ọjọ́ méjì gbáko ní Leh, ìlú ńlá Ladakh, kí ara rẹ lè mọ́ra pẹ̀lú ibi gíga. Leh fúnra rẹ̀ ga tó 3,500 mítà, Khardung La, ọ̀nà orí òkè tí o máa gbà kọjá, sì lé ní 5,300. Èmi kánjú nígbà tèmi. Ká tó dé orí òkè, orí ti ń fọ́ mi bíi pé wọ́n ń gbá a ní òòlù, mo sì bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ọmọ Odò: Mọ bí omi ibẹ̀ ṣe ń ṣàn ná. Odò Nubra ń ti ẹsẹ̀ òkìtì yìnyín Siachen bọ̀. Odò Shyok ń ti òkìtì yìnyín Rimo bọ̀. Á kọrí sí gúúsù, á tún ṣẹ́rí padà sí àríwá ìwọ̀-oòrùn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ìtòsí ìlú Diskit ni odò méjèèjì ti pàdé. Láti ibẹ̀, Shyok gba abúlé Turtuk kọjá sí ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Pakistan, ó sì bọ́ sínú odò Indus. Dé Turtuk dandan. Ọwọ́ Pakistan ló wà títí di ogun 1971 tí Íńdíà gbà á. Ẹlòmíì wà níbẹ̀ tí ẹbí rẹ̀ ṣì wà ní òdìkejì, odò kan náà ni wọ́n jọ ń mu.

Ìyá Mosún: Ọmọ mi, àárọ̀ ni kó o máa rìn. Tí oòrùn bá ti mú, yìnyín á yọ́, omi á sì kún bo ọ̀nà.

Arìnká: Ti ààlà tó o bèèrè: odò Galwan náà ń ṣàn sínú Shyok, lápá òkè. Ibẹ̀ ni ṣójà Íńdíà àti ti Ṣáínà ti kọlu ara wọn lóṣù Kẹfà 2020. Ogún ṣójà Íńdíà ló kú. Má forí lé ọ̀hún. Gba ìwé àṣẹ àlejò ní Leh, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀, torí wọ́n á máa gbà á lọ́wọ́ rẹ ní ibi àyẹ̀wò. Má ya fọ́tò afárá tàbí ṣójà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Delhi: Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ méjì ní Leh, ọ̀kan ní Diskit, méjì ní Turtuk, kí n padà lọ́jọ́ kẹfà. Ìyá Mosún, mo ti gbọ́ mà, àárọ̀ kùtù ni.