Ètò mi kì í jí padà bí ó bá kú lórí kọ̀ǹpútà Linux: kí ni kí n ṣe?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fi èdè Python kọ ètò kan tí ó ń ka ìwọ̀n ooru lára ẹ̀rọ kékeré kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà Linux tí ó wà lórí rẹ̀ kò ní ojú ìwòran, SSH, ọ̀nà tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, ni mo fi ń wọlé sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá ti jáde kúrò lórí SSH ni ètò náà ń kú. Ẹnì kan ní kí n fi nohup síwájú àṣẹ náà, kí n sì fi àmì & sí ìdí rẹ̀ kí ó lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀; ìyẹn gbà títí di ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kú tí ó sì tàn padà, tí ètò kò bá a dìde. Mo wá kọ @reboot sínú crontab, ìwé tí cron fi ń mọ ìgbà tí yóò jí ètò, pé kí ó jí i bí kọ̀ǹpútà bá tàn. Ó ń dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó máa ń ṣíwájú íntánẹ́ẹ̀tì, á kọsẹ̀, á kú, kò sì ní sí ẹni tí yóò jí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi kú lọ́sẹ̀ tó kọjá kí n tó fura. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Ìdáhùn kìíní

Ohun tí nohup ń ṣe kò ju pé kí ètò má ṣe ka àmì HUP sí, èyí tí ó máa ń dé bí terminal, ojú ibi tí a ń tẹ àṣẹ sí, bá ti pa. Cron náà, bí ó bá ti jí ètò tán, ó ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn. Alámòójútó ni ẹ nílò, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín: systemd ni orúkọ rẹ̀, òun ni ètò tí ó ní nọ́ńbà 1 lórí Debian, Ubuntu àti Fedora, òun ni ó sì ń jí àwọn yòókù. Ẹ ṣí fáìlì tuntun, `/etc/systemd/system/ooru.service`, kí ẹ kọ èyí sínú rẹ̀:

```
[Unit]
Wants=network-online.target
After=network-online.target

[Service]
User=ooru
WorkingDirectory=/opt/ooru
ExecStart=/opt/ooru/ka.py
Restart=on-failure
RestartSec=10

[Install]
WantedBy=multi-user.target
```

Ẹ rí i pé aṣàmúlò tí ẹ kọ síwájú `User` wà lórí kọ̀ǹpútà náà ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àṣẹ `sudo systemctl daemon-reload` kí systemd lè ka fáìlì tuntun náà, kí ẹ tó pa `sudo systemctl enable --now ooru`. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe `start` tí wọn kò ṣe `enable`, tí ẹnu sì ń yà wọ́n pé ètò kò dìde nígbà tí kọ̀ǹpútà tún tàn. `Start` wà fún ìsinsìnyí, `enable` wà fún ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, `--now` ni ó so méjèèjì pọ̀. Kí ẹ má sì fi & sí ìdí `ExecStart` o, nítorí systemd kì í ṣe bash, ètò tí ń gba àṣẹ tí ẹ ń tẹ̀ ní terminal.

Ìdáhùn kejì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, àfi `on-failure` yẹn. Bí ètò bá fi nọ́ńbà 0 jáde, systemd gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ parí ní àlàáfíà, kò sì ní jí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń kọ Python ni ó máa ń mú àṣìṣe, tí a ó tẹ ọ̀rọ̀ kan jáde, tí a ó sì fi `sys.exit()` lásán parí rẹ̀. 0 ni ìyẹn jẹ́. `Restart=always` ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fúnra yín pa á pẹ̀lú `systemctl stop`, kò ní bá yín jà, yóò dúró jẹ́ẹ́.

Olùbéèrè

Mo ṣe é bí ẹ ti wí, ṣùgbọ́n `systemctl status ooru` ń sọ pé `status=203/EXEC`. Bẹ́ẹ̀ bí mo bá fi ọwọ́ tẹ `python3 ka.py`, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ìdáhùn kìíní

Ẹ̀bi mi ni, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. 203 túmọ̀ sí pé systemd kò tilẹ̀ rí fáìlì náà mú ṣiṣẹ́ rárá, nítorí náà ẹ má ṣe wá àṣìṣe kankan nínú kóòdù yín. Yálà fáìlì kò sí níbẹ̀, tàbí a kò fún un ní àyè láti ṣiṣẹ́, tàbí kò ní ìlà `#!` ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ó ń sọ ètò tí yóò kà á. Ẹ dá Python náà dárúkọ, ó tán: `ExecStart=/usr/bin/python3 -u /opt/ooru/ka.py`. Ẹ má yọ `-u` kúrò, nítorí láìsí i, Python yóò máa kó ohun tí ẹ bá `print` jọ pọ̀ sápò, ẹ ó sì rò pé `journalctl -u ooru -f`, àṣẹ tí ó ń fi àkọsílẹ̀ ètò hàn, ṣófo.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun méjì kún un. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ `RestartSec`, 100 mílísẹ́kọ́ńdù péré ni systemd ń dúró kí ó tó tún ètò jí, bí ó bá sì ti jí i ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, yóò jáwọ́, yóò sì kọ ọ́ pé `Start request repeated too quickly`. RestartSec=10 tí ó wà nínú fáìlì òkè yẹn kò ní jẹ́ kí ó dé ibẹ̀ láé.

Èkejì ni ó ń dẹ́rù bà mí jù: ètò tí kò kú tí kò sì ṣiṣẹ́. Bí `requests`, àkójọ kóòdù Python fún íntánẹ́ẹ̀tì, ni ẹ fi ń ránṣẹ́ tí ẹ kò sì fi `timeout`, ìwọ̀n àkókò tí yóò fi dúró, sí i, ó lè dúró de èsì tí kò ní dé mọ́, systemd yóò sì máa kọ `active (running)` sójú yín. `WatchdogSec` wà fún irú èyí, ṣùgbọ́n ètò gbọ́dọ̀ máa ránṣẹ́ sí systemd déédéé pé òun wà láàyè, kóòdù tuntun sì ni ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi `timeout=20` sí i ná.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo pa á tipátipá pẹ̀lú `sudo systemctl kill -s KILL ooru`, ó dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 10. Mo tún kọ̀ǹpútà tàn, ó bá a dìde. Mo wá wo kóòdù mi: ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe `requests`, kò sì sí `timeout` lórí ọ̀kankan.