Mo fẹ́ padà sí Ìgbẹ́tì láti fi ẹsẹ̀ rìn nínú ọ̀dàn, kí n sì wo ẹranko: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹ̀yìn Àpáta (Ògbómọ̀ṣọ́)

Mo kí gbogbo ilé. Ìgbẹ́tì ni mo ti ṣe èwe, lábẹ́ òkè Ìyámọ̀pó, kí iṣẹ́ tó gbé mi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ogún ọdún sẹ́yìn, ìsìnkú nìkan ló ń gbé mi débẹ̀, a ó sì ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní báyìí, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a rìn nínú ọ̀dàn, kí wọ́n sì rí ẹranko láàyè, nítorí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n yan gbẹ létí títì lọ. Ọ̀nà oko bàbá mi gan-an ni mo fẹ́ gbà. Oṣù wo ló dára jù, ṣé a sì lè dá wọ inú igbó náà?

Ará Ìsokùn (Ọ̀yọ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọ ibẹ̀. Láti 1952 ni ìjọba ti sọ igbó náà di ibi ìpamọ́ ẹranko, ní 1991 ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní Old Oyo National Park. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, nítorí náà ọ̀nà oko tí ẹ mọ̀ lè gbé yín kọjá ààlà láìfura. Ìsokùn níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Ẹ kọ́kọ́ wá gba àṣẹ, ẹ béèrè bí ètò ààbò ṣe rí lápá ibi tí ẹ ń lọ, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀ṣọ́ tí yóò mú yín wọlé. Láti Ìgbẹ́tì náà ni ẹ lè gbà dé ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, níbi tí igi oṣè àti àfọ́kù ìkòkò ṣì wà. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣa àfọ́kù kankan sápò.

Ọdẹ Àná (Ìkòyí-Ilé)

Àbúrò, ọdẹ ni mí kí ojú mi tó di èyí tí kò ríran lóru mọ́. Oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni kí ẹ lọ. Nígbà náà, koríko ti gbẹ, àwọn odò kéékèèké ti tán, ibú odò Ògùn nìkan ló kù tí ẹran lè mu, ẹran kò sì ní ṣàì wá síbẹ̀. Ẹ ti débẹ̀ kí oòrùn tó yọ, nítorí tí aago mẹ́wàá bá lù, gbogbo wọn ti wọ abẹ́ igi.

Ẹ di eérú díẹ̀ sínú ọ̀rá. Ẹ bù ú, ẹ jù ú sókè, kí ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ; bí ó bá ń lọ síhà odò, ẹ yí gba ọ̀nà mìíràn, nítorí imú ẹran ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ wo iyanrìn náà. Ẹsẹ̀ ìgalà dà bí awẹ́ obì méjì tó kọjú sí ibì kan, ti ẹfọ̀n sì tóbi, ó rí róbótó bíi ti màlúù. Ìjímèrè ní tirẹ̀, ilẹ̀ ló ti ń sáré. Ẹni tó bá ń wo orí igi nìkan kò ní rí i. Bí ẹ bá rí ẹfọ̀n, ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́ ni kí ẹ wà, kí ẹ má sì wá bí ẹ ó ṣe ya àwòrán rẹ̀ nítòsí.

Abẹ̀wò-Ẹyẹ (Ọ̀yọ́)

Bàbá ti sọ ọ́ tán. Èmi fẹ́ràn ìgbà òjò nítorí ẹyẹ, ṣùgbọ́n koríko a máa ga ju ènìyàn lọ nígbà náà, àwọn ọmọ kò ní rí nǹkan kan. Ẹ má wọ aṣọ dúdú tàbí búlúù, nítorí eṣinṣin amùjẹ̀ tó ń fa àrùn oorun fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì.

Ọmọ Ẹ̀yìn Àpáta (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun gan-an. Ìparí oṣù kìíní ni mo mú, n ó sì gba Ìsokùn kọjá ṣáájú. Bàbá, láti àná tí mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sétí wọn ni àbíkẹ́yìn mi ti ń bu eérú àdògán jù sókè lẹ́yìnkùlé, ìyá rẹ̀ sì ń bínú nítorí aṣọ tó sá.