Wọ́n bá mi lórí àga mi: ìrírí wa lórí ìsinmi ọmọ

Kí n tó lọ bímọ, ọ̀gá mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àyè mi wà níbẹ̀. Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. Nígbà tí mo padà dé, mo bá ẹlòmíràn lórí àga mi. Wọ́n ní kí n máa to fáìlì, wọ́n sì gé owó oṣù mi. Mo sunkún títí omi ọmú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Àgbà obìnrin kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n lọ ka Àdéhùn 183 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe lọ́dún 2000 lórí ààbò ìyá tó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 14 ni ìsinmi ìbímọ. Ipò tí ìyá fi sílẹ̀, tàbí èyí tó bá a dọ́gba, ni kó padà sí, owó rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí i, àmọ́ nígbà tí mo wo òfin tiwa, mo bá ọ̀rọ̀ ìpadàsípò níbẹ̀. Mo kọ lẹ́tà, mo so ìwé owó oṣù mi àtijọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, wọ́n dá mi padà sípò.

—

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Èmi àti ìyàwó mi gba ọmọ oṣù 8 tọ́. Akọ̀wé bi mí pé, "Ṣé ìyàwó yín ló bí i?" Mo ní rárá. Ó ní kò sí ìsinmi nìyẹn. Ó dùn mí wọra. Ọmọ tó ń jí lóru, tó ń wá ojú tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé òun kọ́ ló nílò òbí nítòsí jù?

Ìwé ìlànà iléeṣẹ́ ló gbà mí. "Òbí" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ "ẹni tó bímọ". Mo mú un lọ pẹ̀lú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́. Wọ́n tún fẹ́ ka ìsinmi náà láti ọjọ́ ìbí ọmọ, èyí tí ì bá ti tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa! Mo takú pé ọjọ́ tó wọlé wa ni kí wọ́n ti kà á. Wọ́n gbà, wọ́n sì fún mi ní ọ̀sẹ̀ 4.

—

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ẹ mú ìwé yín lọ fún? Ọmọ tiwa ku oṣù 2 kó dé.

—

Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni, mo sì fún ọ̀gá mi ní ẹ̀dà kan. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín.