PCV mi (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara) jẹ́ 26, oògùn ẹ̀jẹ̀ sì ń mú mi bì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Oyún oṣù mẹ́fà ni mo ní, Akúrẹ́ ni mò ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó ní inú rẹ̀ ti funfun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, PCV jẹ́ 26. Kí n tó rin Ọjà Ọba dé ìdí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́, àyà mi á ti máa lù kìkìkì. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ferrous sulphate (èyí tó ní irin nínú) àti folic acid. Ọjọ́ márùn-ún péré, èébì, ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú. Ẹ̀rù bà mí, mo dá a dúró. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì. Ṣé kí n fi oògùn náà sílẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: Má fi í sílẹ̀ o, ọmọ mi! Irin inú oògùn ló ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, kò burú. Kí lo fi ń gbé e mì?

Olùbéèrè: Tíì oní mílíìkì ni mà, láàárọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́! Tíì àti mílíìkì kì í jẹ́ kí ara gba irin. Omi ọsàn ni kí o fi gbé e mì, kí tíì dúró di wákàtí méjì. Bó bá ṣì ń mú ọ bì, jẹun díẹ̀ kí o tó lò ó, tàbí kí o lò ó bí o bá fẹ́ sùn.

Ìyá Dámi: Ṣé o kì í jẹ amọ̀? Oyún kejì mi, mi ò lè fi amọ̀ sílẹ̀, àṣé ẹ̀jẹ̀ tó kéré lè fà á, amọ̀ náà sì tún ń dí irin lọ́wọ́.

Agbẹ̀bí kan: Àbúrò mi, ó yẹ kí PCV aboyún tó 33. Mọ́ọ̀tì ò lè gbé e débẹ̀. Padà lọ, sọ fún wọn pé oògùn náà ń mú ọ bì. Wọ́n lè dín in kù, wọ́n lè yí i padà, wọ́n sì lè fa èyí tó jẹ́ omi sí ọ lára. Ní kí wọ́n yẹ ibà àti aràn wò, torí àwọn náà ń jẹ ẹ̀jẹ̀. Máa jẹ ẹran, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Ṣùgbọ́n bí mímí bá nira lórí ìjókòó, tàbí òòyì gbé ọ ṣubú, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń dà, má dúró de ọjọ́ kílíníìkì.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti ra ọsàn. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi tí kò fi ní bínú?

Ìyá Ìbejì: Mú wọn dání lọ. Kí nọ́ọ̀sì bá wọn sọ ọ́.