Mo ti rìn rìn rìn, síbẹ̀ mi ò mọ bí ayé ṣe rí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Alárìnká
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ mi kì í jẹ́ kí n gbélé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wọ bàálù kiri, ìwé ìrìnnà kan ti kún, mo ti gba òmíràn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 11, bi mí pé kí ló dé tí bàálù tó ń ti New York lọ Tókíò fi máa ń yà gba ìhà Alaska, tí kò gba orí òkun Pàsífíìkì lọ tààrà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọ bàálù yẹn. Mi ò rí èsì fọ̀.

Kí ni kí n rà, àbí ibo ni kí n lọ, kí bí ayé ṣe rí lè yé mi? Ẹ má ní kí n lọ ka ìwé jọ́gíráfì ilé-ìwé o. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, oorun ló gbé mi lọ.

Ẹlẹ́rù-díẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, glóòbù, àwòrán ayé tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ni kí ẹ rà, kì í ṣe máàpù. Kí ẹ wá òwú ìránṣọ mọ́ ọn. Ẹ fi orí òwú kan lé New York, ẹ fà á le dé Tókíò, ẹ ó rí i pé ìhà Alaska ló máa gbà fúnra rẹ̀. Ẹ gé e síbẹ̀. Ẹ wá fi òwú kan náà gba ọ̀nà tí máàpù pè ní tààrà: kò ní dé! Èmi náà ò gbà á gbọ́ àfìgbà tí mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

Máàpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì wa nígbà náà, irú èyí tí Gerardus Mercator yà ní 1569 ni. Àwọn atukọ̀ ojú omi ló yà á fún, kí ọ̀nà tí wọ́n bá fi kọ́ńpáàsì tọ̀ lè jẹ́ ìlà tó gún lórí ìwé. Iṣẹ́ yẹn, ó ṣe é dáadáa. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí àárín ayé (ìlà tó pín ayé sí àríwá àti gúúsù) tó ló ṣe ń fẹ̀ ẹ́ tó. Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tó o lọ́nà mẹ́rìnlá.

Fèrèsé_Ni_Tèmi
Ti glóòbù dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ máa ń jókòó nínú bàálù?

Alárìnká
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àárín. Ẹsẹ̀ mi gùn.

Fèrèsé_Ni_Tèmi
Mo mọ̀! Ẹ ká ẹsẹ̀ yẹn kò, kí ẹ súnmọ́ fèrèsé. Ìgbà tí mo fò lórí Íjíbítì ní ọ̀sán gangan, mo rí odò Náílì: ewéko tútù tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, lẹ́yìn náà yanrìn, àfi bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ibi tí omi ò ti lè dé mọ́ ni oko ti parí. Ohun tí wọ́n fi odindi sáà kan kọ́ mi nípa aṣálẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà mí níbẹ̀.

Ẹ tún máa wo iyára tí wọ́n ń kọ sójú tẹlifíṣọ̀n kékeré iwájú yín. New York sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń yá ju ìgbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀ lọ ní nǹkan bíi wákàtí kan, torí afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, á máa tì yín lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ máa jà ni.

Ìyá_Arìnjìnnà
Ẹ̀yin ọmọ mi, Panamá ni kó lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni Pàsífíìkì wà, àbí? Mo jí láàárọ̀ ní Panama City, mo rí oòrùn tó ń yọ látinú Pàsífíìkì. Mo rò pé orí mi ló dàrú. Àṣé ilẹ̀ ibẹ̀ ló lọ́ bí ejò, débi pé ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ fi so òkun méjèèjì pọ̀ fún ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ níhà Àtìláńtíìkì ló tún wà ní ìwọ̀-oòrùn èyí tó wà ní Pàsífíìkì.

Mo wá lọ jókòó sí Miraflores, níbi tí wọ́n ti ń fi omi gbé ọkọ̀ sókè lórí ọ̀nà omi náà. Ọkọ̀ òkun kan wọlé, àlàfo tó wà láàárín òun àti ògiri kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀, omi ń wọlé láti abẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á, láti òkè ló ń ṣàn bọ̀. Ọkùnrin kan wà lórí ọkọ̀ yẹn tí mò ń bojú wolẹ̀ wò. Nígbà tó yá, èmi ni mò ń gbójú sókè wò ó. Mítà 26 ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ ga kó tó dé adágún Gatún. Omi òjò ló sì wà nínú adágún yẹn, inú òkun ló ń ṣàn lọ bí ọkọ̀ bá ṣe ń kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dá ọdún 2023 fi mú kí wọ́n dín iye ọkọ̀ kù.

Tó bá kúrò níbẹ̀, kó yà sí Quito ní Ecuador, kó lọ ya fọ́tò lórí ìlà tí wọ́n fi ṣàmì àárín ayé. Àárín ayé gan-an ṣì wà ní nǹkan bíi mítà 240 sí ìhà àríwá. Mo ya tèmi náà.

Ẹlẹ́rù-díẹ̀
Mama, ẹ kú ọ̀rọ̀. Kó má kàn kọjá sí La Paz ní Bolivia lọ́jọ́ kejì o. Pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀, El Alto, ga ju mítà 4,000 lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́. Mo sáré gbé àpótí mi níbẹ̀ bí ọkùnrin, orí àpótí náà ni mo padà jókòó sí, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Aago_Méjì
Ẹ jẹ́ ká fi òkè àti odò sílẹ̀ ná. Aago ni kí Alárìnká máa tẹ̀ lé, torí aago ló máa sọ ẹni tó ń pàṣẹ fún un. Ṣáínà fẹ̀ tó yẹn, aago kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń lò. Ní Kashgar, ní ìwọ̀-oòrùn pátápátá, aago mẹ́wàá lè lù lóṣù Kejìlá kí oòrùn tó yọ. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ wá ń lo aago tiwọn, tó fi wákàtí méjì rẹ̀yìn. Èmi ò béèrè èwo ni onímọ́tò ń sọ. Ó ti lọ kí n tó dé.

Samoa, orílẹ̀-èdè erékùṣù inú Pàsífíìkì, náà ńkọ́? Ní 2011, wọ́n sùn ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, wọ́n jí sí ọjọ́ 31. Wọ́n sún sí òdìkejì ìlà tó ya ọjọ́ sọ́tọ̀, kí ọjọ́ iṣẹ́ wọn lè bá ti Ọsirélíà àti New Zealand mu. American Samoa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ò bá wọn sún.

Alárìnká
Ẹ ṣeun o. Glóòbù ti dé. Òwú ò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ọmọ yẹn ti gbà á. Ó ní kí n bi yín: ẹni tó bá wọ bàálù láàárọ̀ òní ní Samoa, tó lọ sí American Samoa, nígbà wo ló máa dé?

Aago_Méjì
Bàálù yẹn ò tó wákàtí kan. Láàárọ̀ àná ló máa dé.