"Akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọ̀mọ̀wé" kọ́ o: ẹ jẹ́ ká bi télọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹni tó dábàá "akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọ̀mọ̀wé" fún postdoc (ẹni tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé, tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí fún ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n) gbìyànjú, àmọ́ kò wọ̀ mí létí. Ẹni tó bá ní "lẹ́yìn bàbá wa", bàbá ti kú nìyẹn. A ò tíì sin ọ̀mọ̀wé kankan.

"Akẹ́kọ̀ọ́" ló tiẹ̀ burú jù. Ẹni yìí ti gboyè, kì í san owó ilé-ìwé, owó oṣù ló ń gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ni yàrá ìwádìí, òun ló sì sábà máa ń wá owó tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí náà. Ọ̀mọ̀wé wa á bá a ṣiṣẹ́ fún bí ọdún kan sí mẹ́ta, á máa tẹ àbájáde jáde, á sì máa wá ibi tí òun náà á ti dá dúró. Ní yunifásítì tiwa, ipò yìí ò sí lórí àtẹ̀gùn olùkọ́: ẹni tó bá gboyè ọ̀mọ̀wé, Lecturer II ló sábà máa ń bọ́ sí. Abájọ tí a ò fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ọmọ àbúrò mi rí irú iṣẹ́ yìí ní Jámánì, nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ló bi mí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọmọ yìí ti di dókítà" (dókítà tí kì í gúnni lábẹ́rẹ́), "kí ló tún ń kọ́?" Mo ṣàlàyé títí, ó rẹ̀ mí. Télọ̀ ò gbójú sókè lórí maṣín-ìn: "Jọ́nímáànù nìyẹn, màmá."

Ọ̀rọ̀ parí. Jọ́nímáànù ti kọ́ṣẹ́ tán, ó ti ṣe fírídọ̀mù, kì í ṣe ọmọṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ló ṣì ti ń ránṣọ. Lóòótọ́, iye aṣọ tó bá rán ni wọ́n máa ń sanwó lé. Ìyẹn ò ba àfiwé jẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ọ̀rọ̀ àyálò ni jọ́nímáànù, pé "journeyman" Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ ti inú ìwé, "ọ̀mọ̀wé alábàáṣe" ni mo mú wá. Ẹ gbé e sínú ìkéde: "Àyè wà fún ọ̀mọ̀wé alábàáṣe méjì ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ." Ó lọ geere. Ẹ wá kọ "akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọ̀mọ̀wé méjì" síbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ méjì ni, àbí ọ̀mọ̀wé?

Àléébù "ọ̀mọ̀wé alábàáṣe" ni pé kò sọ ọ́ pé ẹni náà ò ní pẹ́ níbẹ̀. Jọ́nímáànù sọ ọ́.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Àgbádárìgì, kí ni àwọn télọ̀ àti káfíńtà ọ̀dọ̀ yín ń pe ẹni tó ti ṣe fírídọ̀mù tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù? Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu wọn, ẹ fi ránṣẹ́, màá yọwọ́ nínú "alábàáṣe".